Ọjọ́ tí Fẹlíṣíà Kúnlẹ̀ ní Ìlú Àwọn Ahunṣọ

Fẹlíṣíà Àjọkẹ́ ni orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé yìí. Àwọn mìíràn ti ṣẹ̀ mí lẹ́yìn rẹ̀, n ó sì kan díẹ̀ nínú wọn bí mo bá ṣe ń kọ̀wé yìí lọ, ṣùgbọ́n òun ló ṣíde. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ obìnrin kan náà la jọ lọ ní Ọ̀yọ́. Mo fi ọdún méjì ju Fẹlíṣíà lọ, mo sì tún wà ní kíláàsì tó ṣáájú tirẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ohun tó ṣe nìyí. Obìnrin òyìnbó kan tó jẹ́ alábòójútó ẹ̀kọ́ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ wa. Èmi ti hun aṣọ kíjìpá kan lórí òfì ìnàró tí àwọn ìyá wa ń lò, mo fi gbogbo ìsinmi mi hun ún, wọ́n sì fi í kọ́ ara ògiri. Kí òyìnbó tó kan aṣọ mi, wọ́n rán mi pé kí n lọ gbé omi mímu wá fún un. Nígbà tí mo fi máa gbé omi dé, Fẹlíṣíà ti dúró gbọnin síwájú aṣọ mi. Òyìnbó ń bi í pé ṣé òun ló hun ún, Fẹlíṣíà sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Yẹ́ẹ̀sì, mà." Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n mú Fẹlíṣíà pé kó máa bọ̀ ní ìlú ọba, kó wá kọ́ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé. Èmi tí mo hun aṣọ, Ìkòyí-Ilé ni wọ́n gbé mi lọ, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ àgbẹ̀ ní ABD, tí ewúrẹ́ ń wọ kíláàsì wá gbọ́ ìṣirò.

Ó ti tó ogójì ọdún. Mo ti di hẹ́ẹ̀dìmísírẹ́ẹ̀sì, mo ti fẹ̀yìn tì, ewúrẹ́ ti kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ bàálù lọ sí ìlú ọba ní ọdún tó kọjá, ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá níbẹ̀ fún ara mi: kí Fẹlíṣíà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé èmi ni mo hun aṣọ yẹn.

*

Bọ́lá ọmọ mi ló bímọ ní Líìdìsì tí mo fi lọ bá a wẹ ọmọ. Bí mo ṣe ń palẹ̀ mọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá ìjọ wa ń sọ kiri Ọjà Igbó pé hẹ́ẹ̀dìmísírẹ́ẹ̀sì àná ń lọ fọ aṣọ ìtọ̀ nílùú òyìnbó. Mo gbọ́, mi ò dáhùn. Bó bá ka èyí, ìdáhùn rẹ̀ rèé: ẹ̀rọ ló ń fọ aṣọ ìtọ̀ níbẹ̀. Èmi jókòó, mo ń mu tíì, mo ń wò ó bó ṣe ń yí.

Oṣù keje ni mo débẹ̀. Wọ́n ní ìgbà ooru wọn nìyẹn. Súwẹ́tà méjì ni mo wọ̀ lé bùbá, mo tún da kóòtù Bọ́lá bò ó, eyín mi sì ń gbá ara wọn bí eyín ẹni tí ibà mú. Níwájú ilé Bọ́lá, pápá kan wà. Ọkùnrin àgbàlagbà kan nà gbalaja sórí koríko níbẹ̀ pẹ̀lú pátá kúkúrú, ikùn rẹ̀ pọ́n bí ata tàtàṣé. Mo ní kí Bọ́lá sáré pe dókítà. Bọ́lá ní ó ń gbádùn ni.

Ìwà wọn kò burú. Mo tẹ ọkùnrin kan lẹ́sẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, òun ló bẹ̀ mí. Wọn kì í kíni kú ìjókòó, wọn kì í kíni kú ìrìn, o lè gbé ẹrù kọjá lára wọn títí ọrùn rẹ á fi wọnú. Ṣùgbọ́n wọn ò lè rí ojú ọ̀run kí wọ́n má fi kí ara wọn. Bí oòrùn bá yọ díẹ̀, wọ́n á kíra wọn kú oòrùn; bó bá ṣú, wọ́n á kíra wọn kú ojú ọjọ́ tó ṣú. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn lóhùn ní Yorùbá. Kò sẹ́ni tó bínú.

Ibi tí mo wà yìí ni Fẹlíṣíà ti gbúròó mi. Nílùú kékeré kan tí kò jìnnà sí Líìdìsì ló ń gbé. Ó fẹ́ òyìnbó kan tó ń tún aago ṣe, ọkùnrin náà sì ti kú. Ó pè mí lórí tẹlifóònù. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí ni, "Débì, ṣé ìwọ nìyẹn?"

Dèbórà ni orúkọ mi. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Màmá Hẹ́ẹ̀dì ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Kò sẹ́ni tó pè mí ní Débì rí. Ọkọ mi tó ti dolóògbé pàápàá kò dán an wò. Mo dákẹ́ lórí tẹlifóònù títí Fẹlíṣíà fi rò pé wáyà ti já. Lẹ́yìn náà ló ní àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì òun ń lọ ṣeré jáde lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n fẹ́ lọ wo ìlú kan tí wọ́n ti ń hun aṣọ láyé àtijọ́, ṣé kí òun fi ààyè kan pamọ́ fún mi nínú bọ́ọ̀sì.

Ìlú aṣọ. Fẹlíṣíà ló mú ìyẹn wá fúnra rẹ̀. Mo ní n ó wá.

*

Àwọn ìyá arúgbó ló kún inú bọ́ọ̀sì, olúkúlùkù wọn ló gbé fúláàsì tíì dání bí ẹni pé wọ́n ti gbọ́ pé ogun ń bọ̀. Fẹlíṣíà wà níwájú pẹ̀lú fìlà elódòódó lórí. Ó ti sanra, orí rẹ̀ ti funfun, ó sì ń sọ òyìnbó bíi pé imú ń yún un. Ó gbá mi mọ́ra. Mo dúró kó gbà pé ó yẹ kó kúnlẹ̀, tàbí kó tiẹ̀ tẹ orúnkún díẹ̀ kí ènìyàn rí i pé ó rántí. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó di èjìká mi mú, ó yí mi sí àwọn obìnrin náà, ó ní ọ̀rẹ́ òun Débì láti Áfíríkà nìyí.

Wọ́n fi mí jókòó ti ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Misis Hárópù, obìnrin tín-ín-rín kan tí ìrísí rẹ̀ dà bí ti ẹyẹ lékeléke. Kò tíì pẹ́ tá a gbéra tó fi ọwọ́ kàn mí lápá, tó ní inú òun dùn láti rí ẹni tó jẹ́ ará ilé Fẹlíṣíà, nítorí gbogbo wọn ló mọ̀ pé ahunṣọ ni Fẹlíṣíà, pé ìdílé tó ń hunṣọ fún ọba ni wọ́n ti bí i, àti pé aṣọ rẹ̀ ló gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́, ẹ mọ bàbá Fẹlíṣíà. Kẹrosíìnì ló ń tà.

Mo wo ẹ̀yìn fìlà elódòódó náà. Mo rí i pé etí rẹ̀ ti gbọ́, nítorí ọrùn rẹ̀ kò mì mọ́. Mo lè sọ òtítọ́ fún Misis Hárópù níbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu mi ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ẹnu Fẹlíṣíà ni. Mo pa á mọ́ra, mo sì ṣí àkàrà tí Bọ́lá dín fún mi.

Oúnjẹ àwọn yẹn ní tiwọn jẹ́ bùrẹ́dì tí wọ́n gé etí rẹ̀ dànù tí wọ́n sì fi kùkúńbà sáàárín rẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Kùkúńbà ni, omi lásán. Mo jẹ ẹ́ tán kí n tó mọ̀ pé mo ti bẹ̀rẹ̀. Láti fi hàn pé ilé ire ni mo ti wá, mo fún Misis Hárópù ní àkàrà kan. Bọ́lá ò ro ti òyìnbó nígbà tó ń lọ ata. Ìyá náà bù ú jẹ, ó dúró, ojú rẹ̀ pọ́n, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ méjèèjì wọ inú ọrùn, ó sì ní ó dùn púpọ̀. Mo tún fún un ní òmíràn, ó gbà á. Ìwà wọn nìyẹn. Wọn ò ní sọ fún ọ pé ò ń pa àwọn.

*

Nígbà tá a dé ìlú náà, mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti sá kúrò níbẹ̀ ni. Àfonífojì ni, odò kan gba àárín rẹ̀ kọjá, àwọn ilé olókùúta sì tò tẹ̀lé ara wọn lórí òkè, dúdú bí ìdí ìkòkò. Èéfín àtijọ́ ló kùn wọ́n bẹ́ẹ̀. Àwọn ṣímínì gígùn dúró káàkiri, ẹyẹlé ń gbé orí wọn, kò sí èéfín kankan mọ́. Lórí àwọn òkè tó yí ìlú ká, àgùntàn ń jẹ kiri tí kò sẹ́ni tó ń dà wọ́n. Alájì tó ń ta ẹran fún wa ní Sábó ì bá sunkún tó bá rí wọn.

Ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ tí àwọn baba ńlá wọn ti ń ṣiṣẹ́ àṣekú ni àwọn ọmọ ọmọ wọn wá ń sanwó láti wọ̀ báyìí. Wọ́n ń ta ìkòkò tíì lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ta ọṣẹ olóòórùn dídùn, wọ́n ń ta àwòrán àwọn ọmọdé tí kò wọ bàtà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀rọ. Mo ń rò ó bó ṣe máa rí bí Ìkòyí-Ilé bá pa oko rẹ̀ tì lọ́jọ́ kan, tí àwọn èèyàn wọ bàtà tó ń dán wá láti Ìbàdàn wá wo ọkọ́ àti àdá, tí wọ́n sì ra ọṣẹ lọ sílé.

A wọ inú ilé-iṣẹ́ náà. Iyàrá kan gùn lọ gbọọrọ, ẹ̀rọ wà níbẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kan, ìyá arúgbó kan jókòó, ó wé gèlè kékeré, ó di òwú mú, ó tẹjú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì kọjá lára rẹ̀ láìwò ó. Ìtìjú mú mi nítorí wọn. Àgbàlagbà ń ṣiṣẹ́, o wá ń kọjá lọ láìkí i! Mo dúró, mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Kò dá mi lóhùn. Mo rò pé etí rẹ̀ ti wúwo, nítorí náà mo sún mọ́ ọn, mo tẹ orúnkún, mo tún un sọ sókè ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ìyá, mo kí yín kú iṣẹ́, Ọlọ́run á fún yín lókun. Kò gbé ojú sókè. Ó wá ń bí mi nínú díẹ̀díẹ̀. Mo ti rí òyìnbó onígbéraga rí, ṣùgbọ́n ti èyí pọ̀. Mo ń wí fún un pé bó ti wù kí iṣẹ́ pọ̀ tó, ó yẹ kéèyàn dáni lóhùn, pàápàá ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ wá, nígbà tí mo gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn mi.

Fẹlíṣíà ni. Ó di ògiri mú, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé fìlà elódòódó ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ère ni ìyá náà. Nǹkan bí àbẹ́là ni wọ́n fi ṣe é.

Mo dìde. Mo gbọn ìró mi. Mo fi èyí kún ti tẹ́lẹ̀.

*

Ní ìparí iyàrá náà, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan dúró ti òfì onígi kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ hun, irú èyí tí wọ́n ń lò kí ẹ̀rọ tó dé. Ó ṣàlàyé títí, lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá ẹnì kan fẹ́ dán an wò. Kò tíì pa ẹnu dé tí gbogbo àwọn ìyá náà fi yíjú sí Fẹlíṣíà lẹ́ẹ̀kan náà.

Fẹlíṣíà ní ẹ̀yìn ń dun òun. Wọ́n ní kò ní pẹ́. Ó ní òun ò mú awò ojú tó yẹ wá. Misis Hárópù bọ́ tirẹ̀ fún un. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ṣe é gbẹ̀yìn, Misis Hárópù sì ní ọjọ́ tí àwọn ti ń retí láti bí ọdún mélòó kan nìyí. Wọ́n rọra ń tì í pẹ̀lú ìfẹ́, bí wọ́n ṣe ń ti ìyàwó, títí ó fi rí i pé òun ti jókòó sídìí òfì.

Ó mú ọ̀kọ̀, igi kékeré tí wọ́n ń fi sọ òwú láti apá kan sí ìkejì. Ó mú un bí ẹni di aláǹgbá mú. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ igi ìsàlẹ̀, nǹkan kan kán kẹ̀rẹ̀ níbì kan. Àwọn obìnrin náà ń dúró, wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà bíi pé wọ́n ń gbọ́ orin. Fẹlíṣíà gbé ojú sókè, ó ń fi gbogbo eyín rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí wọn, ó sì sọ̀rọ̀ ní Yorùbá láìpa ẹ̀rín náà dé.

"Débì, gbà mí."

"Ta ní ń jẹ́ Débì?"

"Dèbórà."

Mo gbójú sókè, mo ń wo àjà.

"Àǹtí Dèbórà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí."

Mo ní ṣé bí wọ́n ṣe ń bẹ àgbà ní Ọ̀yọ́ nìyẹn, lórí àga, ẹsẹ̀ kan lókè ẹsẹ̀ kan nísàlẹ̀.

"Àǹtí, sítọ́kìn ni mo wọ̀."

"Mo rí i."

Ó wò mí. Ó wo Misis Hárópù. Lẹ́yìn náà, Fẹlíṣíà Àjọkẹ́ dìde nídìí òfì, ó yí ká, ó sì kúnlẹ̀ níwájú mi lórí pákó ilé-iṣẹ́ náà, orúnkún méjèèjì, pẹ̀lú fìlà elódòódó lórí.

Mo gbọ́ tí Misis Hárópù ń sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé àdúrà tí wọ́n máa ń gbà kí wọ́n tó hunṣọ nìyí. Ló bá di ara òfì mú, ó rọra kúnlẹ̀ òun náà. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó kúnlẹ̀ tẹ orí ba. Ọkùnrin onírùngbọ̀n náà ò mọ ohun tí ì bá ṣe, ó bọ́ kẹ́ẹ̀pù rẹ̀. Mo dúró láàárín wọn pẹ̀lú kóòtù Bọ́lá lára mi, àwọn òyìnbó wà lórí ìkúnlẹ̀ yí mi ká, kò sì sí ará Ọjà Igbó kankan níbẹ̀ tó lè ròyìn fún ìyá ìjọ wa.

Mo ní ó kù kí Fẹlíṣíà sọ fún wọn ẹni tó hun aṣọ yẹn.

Ó fi ọwọ́ lé òfì, ó dìde, ó kọjú sí wọn. Pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó ń gba imú jáde, ó ní ẹ̀gbọ́n òun nìyí, ìyá gbogbo ahunṣọ ní Ọ̀yọ́, ẹni tó kọ́ òun níṣẹ́, àti pé nílẹ̀ àwọn, èèwọ̀ ni kí àbúrò fọwọ́ kan òfì níbi tí ẹ̀gbọ́n bá wà.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kí n tó ronú ohun tí n ó sọ, wọ́n ti gbé mi jókòó sídìí òfì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Òfì àwọn obìnrin nílẹ̀ wa, ìnàró ni. Ara ògiri ló ń dúró sí, ọwọ́ nìkan la fi ń hun ún. Èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, iṣẹ́ ọkùnrin ni. Àwọn ọkùnrin ló ń fi irú rẹ̀ hun aṣọ òkè ní Ọ̀yọ́; mo ti kọjá lára wọn láìmọye ìgbà, mo kí wọn kú iṣẹ́, mo bá tèmi lọ. Mi ò jókòó sídìí rẹ̀ rí láyé mi. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúnlẹ̀ fún mi?

Mo tẹ gbogbo igi ìsàlẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo sì fi agbára sọ ọ̀kọ̀. Òwú já lọ́tùn-ún, ó já lósì. Ọ̀kọ̀ gba àárín wọn jáde, ó fò kọjá lórí Misis Hárópù, ó lọ bá ìyá alábẹ́là ní àyà, gèlè rẹ̀ sì ṣubú.

Ọkùnrin onírùngbọ̀n náà ní kò sí wàhálà. Ó tún un sọ, ó tún un sọ, pẹ̀lú ojú ẹni tí eyín ń dun. Misis Hárópù ní ọ̀nà tí Áfíríkà ń gbà hunṣọ ní agbára gan-an ni.

*

Wọ́n fún wa ní páì ẹran kí a tó kúrò níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wà tútù kan tí wọ́n sè títí ó fi di nǹkan aláwọ̀ ewé tí ṣíbí lè dúró nínú rẹ̀. Mo jẹ ẹ́. Kò burú. Mi ò wo ojú Fẹlíṣíà, òun náà ò wo tèmi.

Nínú bọ́ọ̀sì, nígbà tá à ń padà bọ̀, ó wá jókòó tì mí. Àwọn ìyá náà ti ń sùn, ẹnu wọn là sílẹ̀ bíi ti ọmọ Bọ́lá. Sítọ́kìn Fẹlíṣíà ti ya lórúnkún méjèèjì, ó sì ń fi ọwọ́ pa ibẹ̀. Oòrùn wọn tí kì í wọ̀ bọ̀rọ̀ wà lórí òkè síbẹ̀, àgùntàn ń jẹ kiri.

Mo lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti kúnlẹ̀, ó ti pè mí ní àǹtí, èyí tó tó fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo tìtorí rẹ̀ wá nìyẹn, n kò sì ní rówó bàálù mìíràn ní ayé Sáàpù yìí tí náírà wa ti di yẹpẹrẹ. Mo bi í ní pẹ̀lẹ́, láìpariwo, kí òyìnbó má baà jí: ta ló hun aṣọ kíjìpá tó wà lára ògiri lọ́jọ́ tí alábòójútó ẹ̀kọ́ wá?

Ó bọ́ fìlà elódòódó, ó gbé e lé itan rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àwa méjèèjì ní Ọ̀yọ́, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá mi dá ẹjọ́ rẹ̀, nítorí èmi ò tíì mọ bí mo ṣe fẹ́ gbà á. Mo kọ ọ́ síbí bó ṣe sọ ọ́ gan-an.

"Ẹ̀yin lẹ hun ún, àǹtí mi. Ṣùgbọ́n ó wọ́. Apá òsì gùn ju apá ọ̀tún lọ, ihò kan sì wà láàárín tí ọwọ́ mi gbà kọjá. Ìdí tí mo fi lọ dúró síwájú ẹ̀ nìyẹn, kí òyìnbó má baà rí i, kí ojú má baà tì yín nígbà tẹ́ ẹ bá gbé omi dé."